Ká Wọn Ṣúgà, Ká Tún Bi Ọkàn Léèrè

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àyájọ́ Àtọ̀gbẹ Lágbàáyé, ní Abẹ́òkúta

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó gbé ètò yìí kalẹ̀ kọ̀wé sí mi, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ alátọ̀gbẹ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gba ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti pọ̀ nílẹ̀. Kò sí alátọ̀gbẹ kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọn ò tíì sọ fún pé kó jẹ wíìtì, kó jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó sá fún ohun dídùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì gbọ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìlera rí ni ìbéèrè yìí: báwo ni ọkàn yín ṣe rí?

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Púpọ̀ nínú àwọn alátọ̀gbẹ tí à ń pè ní olóríkunkun, àwọn tí kì í lo oògùn déédéé, tí ọjọ́ kílíníìkì máa ń kọjá lórí wọn, àìsàn mìíràn ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ìsoríkọ́ ni àìsàn náà. Ibi tó sì yẹ ká ti tètè rí i, ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀, ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wa.

Ìyá aládìrẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún yín. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo pa pọ̀ di ẹyọ kan, kí àṣírí ẹnikẹ́ni má baà tú. Ẹni ọdún 58 ni, àdìrẹ ló ń tà ní ọjà Ìtòkú níbí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ó dé kílíníìkì, wọ́n gún ìka rẹ̀, ẹ̀rọ gbé 312 mg/dL jáde, ó ga gan-an. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ tún ti lọ jẹ ohun tí a ní kẹ́ ẹ má jẹ.” Màmá ní òun kò jẹ ẹ́. “Ẹ ò lo oògùn yín nìyẹn.” Màmá dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé kì í gbọ́ràn, wọ́n fi kún oògùn rẹ̀, wọ́n pe ẹni tó kàn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ká ní ẹnì kan fa àga sún mọ́ ìyá yìí ni, ìbá gbọ́ pé ìsọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí mọ́, àwọn oníbàárà ti ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìbá gbọ́ pé aago méjì òru ló máa ń jí, tí á lajú sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ tí kì í pa jẹ tẹ́lẹ̀ ti sú u, bí ọmọ rẹ̀ obìnrin kò bá pariwo kì í fẹ́ wẹ̀. Oògùn náà wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó máa ń wò ó, á sì bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń lò ó fún.

Gbogbo ohun tí ìyá yìí sì sọ lọ́jọ́ náà ni pé: “Ara ń ro mí, orí mi ń gbóná, nǹkan kan ń rìn nínú orí mi bíi kòkòrò.” Wọ́n fún un ní parasítámọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti sọ tẹnu rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọdẹ orí tipẹ́tipẹ́: orí gbígbóná, nǹkan tó ń rìn nínú orí, etí tó ń hó, àyà tó ń já, oorun tó kọ̀ tí kò wá. Nígbà tí àwọn dókítà ọpọlọ yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, ìsoríkọ́ tàbí àníyàn tó le ni wọ́n bá lábẹ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ara ló ń gbẹnu sọ fún ọkàn.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni ìsoríkọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn, àwa ará Abẹ́òkúta sì wà nínú ìtàn náà. Lọ́dún 1953, J. C. Carothers, dókítà òyìnbó kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin adúláwọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú yìí, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ ìlú Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé tó yí i ká, wọ́n jókòó ti àwọn èèyàn, wọ́n bi wọ́n léèrè. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963. Ìsoríkọ́ wà láàrin wa. Ohun tó pa á mọ́ lójú àlejò ni pé àwọn baba àti ìyá wa kì í kà á sí ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ó ju 60 ọdún lọ báyìí, a kò tíì kà á sí.

Bí àìsàn méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Thomas Willis, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ alátọ̀gbẹ a máa dùn, ti sọ pé ìbànújẹ́ tó bá pẹ́ lára èèyàn lè fa àtọ̀gbẹ. Ìwádìí ayé òde òní ti fi hàn pé ọ̀nà náà já síbí já sọ́hùn-ún. Ẹni tó ní ìsoríkọ́ súnmọ́ àtọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó sì ní àtọ̀gbẹ, ewu kí ìsoríkọ́ mú un tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in.

Nígbà tí ọkàn bá wà nínú ìdààmú lọ́jọ́ pípẹ́, ara a máa tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol yìí ló ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà síta, kí èèyàn lè rí agbára fi sá fún ewu. Kì í tún jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ ewu ọjọ́ kan, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jí sínú ìbànújẹ́ lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń gba àṣẹ yẹn. Ẹ wá fi kún un pé kò lágbára àtirìn jáde, kò sùn, oògùn ń sú u. Ìdí nìyẹn tí 312 fi lè jáde lára ìyá tí kò fi ẹnu kan ohun dídùn.

Àtọ̀gbẹ náà ní ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Àìsàn tí kì í fún èèyàn nísinmi ni. Lójoojúmọ́ ni èèyàn ń ṣírò ohun tó fẹ́ jẹ, tó ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò bóyá egbò wà níbẹ̀, tó ń ronú ojú, tó ń ronú kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ ni ẹsẹ̀ ń ta, tó ń jó wọn bí iná lóru. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó ínsúlínì ti gba ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè bá a dé, bẹ́ẹ̀ àpò ara wọn ni púpọ̀ jùlọ ti ń san án.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ohun kan tí a kì í sọ ní gbangba. Àtọ̀gbẹ a máa ba iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ibi kan tí èyí ti máa ń tètè hàn lára ọkùnrin ni orí ẹní. Bàbá á rí i pé nǹkan kò gbéra mọ́. Kò ní sọ fún ìyàwó, kò ní sọ fún dókítà, á máa wá ìdí láti sun pálọ̀. Ìyàwó á rò pé ó ti rí ẹlòmíràn. Láàrin ọdún kan, ilé tó tòrò ti dàrú, bàbá ti ń dá jókòó, ó ti ń mutí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtọ́jú wà fún un. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀, inú ìtìjú yẹn sì ni ìsoríkọ́ ti ń dàgbà.

Kí n padà sórí oúnjẹ tí ìgbìmọ̀ béèrè, nítorí ọ̀rọ̀ ọkàn wà nínú rẹ̀. Láàrin wa, a kì í jẹun nítorí ebi nìkan. Ọwọ́ tó bọ àwo kan náà ni ìfẹ́. Bí ẹ bá wá gbé òkèlè wíìtì sọ́tọ̀ fún ìyá ní kọ̀rọ̀, tí gbogbo ilé ń jẹ iyán, ẹ ti yọ ọ́ kúrò láwùjọ. Bó bá lọ sóde, ẹnì kan á kígbe pé, “Ẹ má fún màmá ní ìyẹn o, wọ́n ní ṣúgà!” Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní lọ sóde mọ́. Aṣọ ẹbí á kọjá lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo ilé jọ yí oúnjẹ padà. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́, òkèlè tí kò tóbi, ẹja: oúnjẹ tó dára fún alátọ̀gbẹ dára fún ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá jẹun.

Ìbéèrè méjì

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níbí á fẹ́ bi mí pé báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó dára ni, nítorí àmì àìsàn méjèèjì wọnú ara wọn. Ṣúgà tó ga a máa mú kó rẹ èèyàn, ìsoríkọ́ náà a máa rẹ èèyàn. Alátọ̀gbẹ kì í sùn dáadáa nítorí ìtọ̀ òru, ẹni tó sorí kọ́ kì í sùn. Àwọn méjèèjì lè rù. Tí a bá ń wo ara nìkan, a ò ní rí ọkàn.

Ìbéèrè méjì ló ń la ọ̀nà. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ǹjẹ́ àwọn nǹkan tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò wù yín ṣe mọ́? Ǹjẹ́ inú yín ń bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí gbogbo nǹkan ti sú yín, tí ẹ kò rí ìrètí? Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e lọ sórí ìbéèrè mẹ́sàn-án tí Kurt Kroenke, Robert Spitzer àti Janet Williams gbé jáde lọ́dún 2001, èyí tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Máàkì rẹ̀ lọ láti 0 dé 27. Ẹni tó bá ní 10 sókè yẹ kí a túbọ̀ jókòó tì. Abíọ́dún Adéwùyá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ́ wò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà lọ́dún 2006, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn ka ìbéèrè bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ẹ pe màmá ní màmá, ẹ wojú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè dáhùn. Bí wọ́n bá ní orí ń gbóná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àtọ̀gbẹ sú ló ní ìsoríkọ́. Ẹlòmíràn wà tí ó ń rẹ́rìn-ín lọ́jà, tó ń jó lóde, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti oògùn nìkan ń fún un ní ìnira. Ìyẹn nílò ìmọ̀ràn, àlàyé, bóyá oògùn tí lílò rẹ̀ rọrùn jù. Ẹni tí ayé fúnra rẹ̀ ti sú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù ni òwe wa tó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹnu àwọn aláìsàn ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà fi òwe yẹn kọ́ wa pé kí a má ṣe ohun tó lè ba orúkọ ìdílé jẹ́. Wọn kò pa á fún ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tàbí ẹni tó ń gba owó oògùn lọ́wọ́ ọmọ. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín. Bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má sọ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” kí ẹ sì dìde. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Ó máa ń tu ọ̀pọ̀ lára pé ẹnì kan bi wọ́n. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá méjì

Nígbà tí Lambo dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta níbí lọ́dún 1954, kò ti aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí mọ̀lẹ́bí kan sì tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa sè fún un, kó máa bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Gbogbo ayé wá wo iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1985, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn, Olíkóyè Ransome-Kuti, di mínísítà ètò ìlera. Ó mú ìpinnu lórí ìlera alábọ́ọ́dé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Alma-Ata lọ́dún 1978, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 52, kí ìtọ́jú lè súnmọ́ ẹnu ọ̀nà tálákà. Ọ̀kan wo ọkàn, èkejì wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a so iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ ní kílíníìkì àtọ̀gbẹ.

Ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 2010, Wayne Katon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Aláìsàn 214 ni, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 14. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn tó ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, wọ́n sì tún ní ìsoríkọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀ lé apá kan nínú wọn, tó ń wo ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìbànújẹ́ pa pọ̀, tí dókítà ń tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn ọdún kan, ọkàn àwọn wọ̀nyí fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù, ṣúgà wọn náà sì wálẹ̀ jù.

Ẹ lè ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Ọ̀yọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí wọ́n ṣe lè mọ ìsoríkọ́, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Apá kan nínú àwọn ilé ìwòsàn náà lo ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé, apá kejì gba ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú tó jinlẹ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, púpọ̀ jùlọ aláìsàn ní apá méjèèjì ti bọ́, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàrin wọn. Kì í ṣe alátọ̀gbẹ nìkan ni ìwádìí náà wò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí ìròyìn tó dára tó o fún ìlú bíi tiwa. Ó fi hàn pé bí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò bá ti gba ẹ̀kọ́ tó yẹ, tí ẹni tó mọ̀ jù ú sì ń tì í lẹ́yìn, ó lè ṣe é.

Kí ni ìtọ́jú náà? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní ètò. Nọ́ọ̀sì àti aláìsàn á jọ mú ìṣòro kan ṣoṣo, wọ́n á wá ìgbésẹ̀ kékeré kan tí aláìsàn lè gbé kó tó padà wá. Ìyá aládìrẹ lè ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé nìkan, kó sì rìn débẹ̀ fẹ́sẹ̀. Tó bá padà wá, wọ́n á wo bó ṣe lọ. Bí àìsàn náà bá le, oògùn wà, àmọ́ dókítà ni kó mú èyí tó bá alátọ̀gbẹ mu. Amitriptyline a máa dín ẹsẹ̀ tó ń ta kù, ṣùgbọ́n ó lè mú kí èèyàn sanra, kò sì bá ẹni tí ọkàn tó ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara rẹ̀ ń ṣàìsàn mu. Fluoxetine lè mú ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ ra oògùn ìsoríkọ́ tàbí oògùn oorun ní kẹ́míìsì fúnra yín.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá; bí a ṣe ń lépa ṣúgà, ẹ má jẹ́ ká fi ọkàn sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó gba ipò òfin àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Òfin nìkan kò lè bi màmá léèrè. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí wọ́n fi ìbéèrè méjì yẹn sínú káàdì kílíníìkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ ṣúgà sí. Kí dókítà ọpọlọ láti Arò sì máa dé àwọn ilé ìwòsàn wa lóṣooṣù láti ti àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Ẹ gbàdúrà fún wọn, kí ẹ sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má ní kí wọ́n sọ ínsúlínì nù.

   Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wọn ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru fún yín ṣì wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn títí di aago méjì. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn wọn ṣí sílẹ̀.